Ìfun Tí Ìyá Mi Kò Fọ̀

Ìyá mi kì í bọ ènìyàn lọ́wọ́. Tí ẹnìkan bá na ọwọ́ sí i, á kọ́kọ́ nu tirẹ̀ mọ́ ìró, á wò ó bóyá ó ti gbẹ, á rí i pé kò gbẹ, á wá na ọrùn ọwọ́ síwájú bí ẹni tí nọ́ọ̀sì fẹ́ gún lábẹ́rẹ́. Àwọn tó mọ̀ ọ́n kì í bínú. Ọrùn ọwọ́ yẹn ni wọ́n máa ń dì mú, wọ́n á sì jọ rẹ́rìn-ín.

Iṣẹ́ ló fà á. Odò ẹran nílùú Ọ̀yọ́ ló ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Àwọn alápatà á pa màlúù, wọ́n á kó nǹkan inú rẹ̀ fún un, òun á fọ ṣàkì, á fọ ìfun, á tò wọ́n sínú bàsíà, ó di ọjà Akẹ̀sán. Láti ìdájí títí oòrùn á fi mú, inú omi lọwọ́ rẹ̀ máa ń wà. Ìka rẹ̀ hunjọ bí ẹ̀wà tí wọ́n rẹ mọ́jú. Tí ọyẹ́ bá sì dé, oríkèé ọwọ́ á máa dùn ún débi pé kò ní lè ró ìró fúnra rẹ̀. Èmi ni mo máa ń bá a ró o kí n tó lọ sílé ìwé.

Ẹ má tíì bá a kẹ́dùn o, nítorí ìgbéraga rẹ̀ pọ̀ ju ìrora rẹ̀ lọ. Ní gbogbo Ọ̀yọ́, kò sí ẹni tó mọ ìfun fọ̀ bí ìyá mi. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, mi ò sì tíì rí ẹni tó bá a jiyàn. Á fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan yí ìfun náà padà kí inú rẹ̀ lè bọ́ síta. Á da omi gbígbóná sí i. Á fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ fá a, á fi iyọ̀ ra á, á fi álọ́mù ra á, á fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí, á tún fá a. Tó bá parí, ìfun náà á funfun ju eyín àwọn tó fẹ́ jẹ ẹ́ lọ. Àwọn oníbàárà á gbé e sí imú, wọ́n á ní, "Ìyá oníṣàkì, ṣé inú ẹran lèyí ti jáde lóòótọ́?" Inú rẹ̀ á dùn dẹ́yìn. Á ní àlùfáà àwọn ti ṣàlàyé pé ìmọ́tótó jẹ́ ìdajì ẹ̀sìn, òun ti mú ìdajì tòun, kí oníkálukú lọ wá tirẹ̀.

Èmi ọmọbìnrin rẹ̀ wá kàwé títí. Mo kàwé dé yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo gba yàrá sí àdúgbò Under G, mo bẹ̀rẹ̀ oyè kejì, nígbà tí wọ́n sì ní kí n mú iṣẹ́ ìwádìí, ìfun náà ni mo tún mú. Ọjọ́ tí mo sọ fún ìyá mi, ẹ̀rín pa á títí ó fi wá àga jókòó.

Ó ní, "Ọkọ mi, ká ní o ti sọ tẹ́lẹ̀ ni, ǹ bá ti kọ́ ọ ní gbogbo rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́."

Mo ṣàlàyé fún un bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé fún yín yìí. Nínú ẹyin, nínú àlùbọ́sà, nínú ẹ̀wà àti ẹran tí à ń jẹ, imí ọjọ́ wà níbẹ̀. Tí oúnjẹ bá dé ìfun, àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí á sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ di afẹ́fẹ́ kan tó ń rùn bí ẹyin òbu. Afẹ́fẹ́ náà lóró. Ohun tí kì í jẹ́ kó pa wá lára ni pé awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bo inú ìfun, ó ń yọ̀ bí ilá, àwọn òṣìṣẹ́ kéékèèké kan sì wà nínú rẹ̀ tí à ń pè ní ẹ́ńsáìmù. Àwọn ni wọ́n ń já imí ọjọ́ náà sí wẹ́wẹ́ kó tó lè ṣe wá ní jàǹbá. Iṣẹ́ tèmi ni kí n wọn bí ọwọ́ wọn ṣe yá tó.

Ìyá mi fara balẹ̀ gbọ́. Ó ní, "Imí ọjọ́ tí à ń pò mọ́ ọṣẹ dúdú tí ara bá ń yún èèyàn? Ta ló gbé e fún màlúù jẹ?"

Mo ní, "Màámi, inú koríko ni wọ́n ti ń jẹ ẹ́."

Ó mi orí. Mo mọ̀ pé kò gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n ó fi ojú àánú wò mí, bí ó ṣe máa ń ṣe nígbà tí mo bá kùnà nínú ìdánwò ní kékeré.

Bí a ṣe ń ṣe ìwọ̀n náà kò le. Mo máa fá awọ yẹn kúrò lára ìfun, mo máa lọ̀ ọ́ nínú omi tútù, mo máa fi ẹ̀rọ fì í yípo kíákíá kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ lè sọ̀ kalẹ̀. Omi tó bá tòrò lókè, mo máa dà á pọ̀ mọ́ omi mìíràn tí imí ọjọ́ wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú oró kan, irú èyí tó ń gbé inú ẹ̀gẹ́ tútù, tí ọ̀gá mi máa ń tì mọ́ inú àpótí irin. Tí ẹ́ńsáìmù bá wà láàyè, á já imí ọjọ́ gbà lára omi yẹn, á fi lẹ oró náà, oró á sì di aláìlágbára. Lẹ́yìn náà ni mo máa kán omi kan tí irin wà nínú rẹ̀ sí i. Tí iṣẹ́ bá ti ṣe, gbogbo rẹ̀ á pọ́n bíi sóbò. Tí iṣẹ́ ò bá ṣe, á dúró ní àwọ̀ ìtọ̀. Ẹ̀rọ kan wà tó ń ka bó ṣe pọ́n tó, ìyẹn ló sì máa sọ bí iṣẹ́ náà ṣe pọ̀ tó.

Ẹ̀rọ tó ń ka àwọ̀ yìí kì í ṣe tiwa. Ẹ̀ka mìíràn ló yá wa, wọ́n sì ti dá ọjọ́ tí wọ́n máa wá gbé e. Tí mi ò bá rí àwọ̀ pupa kí ọjọ́ náà tó pé, ó di sáà mìíràn nìyẹn. Tó bá jẹ́ tèmi nìkan ni, ǹ bá fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ìyá mi ti búra níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní àsàlátù pé ọjọ́ tí mo bá parí ìwé yìí ni òun máa gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, tí òun máa kúrò nínú omi. Kì í yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò sì ní kúrò níbẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà, mo ti bẹ̀ ẹ́ títí, etí ikún ló kọ sí mi. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé gbogbo sáà tí mo bá fi kún un, ìyá mi ló máa fi oríkèé ọwọ́ rẹ̀ san án nínú omi tútù. Ohun tó ń já mi láyà nìyẹn. Oyè náà kàn tẹ̀ lé e lẹ́yìn ni.

Ọ̀rọ̀ ibi tí mo ti máa rí ìfun kò tilẹ̀ wáyé. Èèyàn kì í ní ìyá lódò ẹran kó tún máa wá ìfun kiri Ọjà Igbó. Tí ilẹ̀ bá ti mọ́, ìyá mi á di ìfun tuntun sínú kúlà pẹ̀lú yìnyín, á gbé e fún dẹ́rẹ́bà kan tó mọ̀ dáadáa ní gáréèjì Òwòdé, èmi á sì lọ dúró dè é ní Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo máa ń gun ọ̀kadà padà pẹ̀lú kúlà lórí itan, mo máa ń rò ó pé ayé mi ti dára.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo kán omi irin yẹn sí i, àwọ̀ ìtọ̀ ni mo rí. Mo tún un ṣe, àwọ̀ ìtọ̀. Mo ní oògùn tí wọ́n tà fún wa ti bàjẹ́, mo po òmíràn. Mo ní iná tó ń ṣẹ́jú ló da ẹ̀rọ wa rú, mo lọ bẹ ọkùnrin tó ń tan jẹnẹrétọ̀. Mo bá ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi jà pé ó fọwọ́ kan ìgò mi, ọmọlúàbí ẹ̀dá ni, kò tilẹ̀ mọ ibi tí ìgò náà wà. Inú mi kì í pẹ́ ru, ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo ti jogún rẹ̀.

Ọ̀gá mi, obìnrin ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan tí gbogbo ìdílé wọn jẹ́ Onítẹ̀bọmi láti ayé bàbá bàbá rẹ̀, kì í gbóhùn sókè. Ó wo àwọn ìgò náà, ó wò mí, ó ní, "Jẹ́ ká gbàdúrà ná." Ó gbàdúrà ní orúkọ Jésù, mo ṣe àmín tọkàntọkàn. Ní Ọ̀yọ́, ìyá mi náà ti ní kí àlùfáà bá òun ṣe dùáà. Mo rò ó pé ti ọ̀tún àti ti òsì kò lè kùnà pọ̀. Nígbà tí a la ojú, àwọ̀ ìtọ̀ náà ló ṣì wà níbẹ̀.

Ọ̀gá mi wá bi mí léèrè pé, "Ìfun yìí, ta ló ń bá ọ tọ́jú rẹ̀ kó tó dé ibí?"

Mo fi ìgbéraga dáhùn pé ìyá mi ni, àti pé ní gbogbo Ọ̀yọ́ kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n fọ̀ bí i tirẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jáde lẹ́nu mi ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tí mo sọ. Mo wo ọ̀gá mi, òun náà wò mí. Mo gbé báàgì mi, ó di Ọ̀yọ́.

Mo bá a lódò ẹran lórí àpótí rẹ̀. Ó ti parí ti àwọn oníbàárà. Ó wá fa bàsíà tuntun kan jáde, èyí tí mi ò rí rí, ó gbé ìfun kan sínú rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó yàn nínú ọsàn wẹ́wẹ́ rẹ̀, ó mú èyí tó tóbi jù. Ó ń fá ìfun náà, ó ń rọra kọrin. Ó fá a tán, ó gbé e sókè sí oòrùn, ó wò ó, ó tún un fá. Ti àwọn tó ń fi owó ra á, ẹ̀ẹ̀kan ló ń fá a. Èyí tí wọ́n ń gbé lọ sí yunifásítì, ẹ̀ẹ̀mejì.

Mo kígbe, "Ẹ gbà mí o, Màámi!"

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ta ló kú?"

"Ẹ́ńsáìmù mi ló kú! Ẹ̀yin lẹ pa á! Awọ tó ń yọ̀ tí ẹ ń fá sí gọ́tà yẹn, òun ni mò ń wá láti ọjọ́ yìí!"

Ó wo gọ́tà, ó wò mí. "Ìdọ̀tí yìí?"

"Òun ni iṣẹ́ mi, Màámi."

"O fẹ́ kí n gbé ìfun tí ìgbẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀ lọ síwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n? Kí wọ́n bi ọ́ pé ta ni ìyá rẹ, kí o ní èmi ni? Kí wọ́n ní ìyá rẹ ò mọ́tótó?" Ó he ọ̀bẹ rẹ̀ nílẹ̀. "Mo rò ó pé inú wọn á ti máa dùn sí i ni. Mo rò ó pé wọ́n á ti máa sọ pé, ìfun rèé."

Ọmọ ìyá mi ni mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ìbínú tí mo gbé wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ tú ká lọ́kàn mi. Mo jókòó sórí ilẹ̀ tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú mi. Kò sí ẹni tó tíì fẹ́ràn mi tó bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn obìnrin yòókù ń wò wá bíi pé orí wa ti yí. Nígbà tó yá, ìyá mi náà bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, ó ní bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni, òun ti gbọ́, òun ò ní fọ̀ ọ́ mọ́.

Ó gbọ́ lóòótọ́, ọwọ́ rẹ̀ ni kò gbọ́. Ìfun tó tún fi ránṣẹ́ dé, mo ṣí kúlà, òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ ló kọ́kọ́ kí mi. Mo pè é lórí fóònù.

"Màámi, ṣé ẹ ò fọ̀ ọ́?"

"Mi ò fọ̀ ọ́ o. Mo kàn ṣan án ni."

"Kí lẹ fi ṣan án?"

"Omi." Ó wúkọ́. "Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Àti ọsàn díẹ̀. Díẹ̀ báyìí."

Èèyàn kì í pa fóònù mọ́ ìyá rẹ̀ lẹ́nu. Mo rọra gbé e sórí tábìlì, mo bọ́ síta, mo rìn yí ilé náà po kí n má baà sọ ohun tí mi ò ní lè kó mọ́. Nígbà tí mo padà wọlé, tí mo gbé fóònù sí etí, ó ṣì wà lórí ìlà, ó ń ṣàdúrà fún mi. Ó ti dé orí ọkọ àti ọmọ. Mo ṣe àmín.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ wá gbé ẹ̀rọ, mi ò ní nǹkan kan lọ́wọ́ ju àwọn ìgò aláwọ̀ ìtọ̀ lọ. Mo jókòó sí iwájú ẹ̀rọ náà láàárọ̀, mò ń ro bí mo ṣe máa sọ fún ìyá mi. Ẹnìkan wá pè mí pé ìyá kan ń bèèrè mi lẹ́nu ọ̀nà.

Ìyá mi ni. Ó wọ léèsì tó wọ̀ nígbà Iléyá, ó fi gèlè tó bá a mu wé orí, ó gbé kúlà lọ́wọ́, ojú rẹ̀ sì rí bíi ti ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tí kò yẹ. Ó ní òun ò lè fi ìfun àìfọ̀ rán dẹ́rẹ́bà. Tó bá tú u wò ńkọ́? Ó ní nínú mọ́tò, àwọn èrò ń fi ọwọ́ bo imú, òun ní kí wọ́n má bínú, ti yunifásítì ni. Bí ọ̀gá mi ṣe jáde sí wa, ìyá mi ti wà lórí eékún kí n tó lè dá a dúró.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wò ó pé ó dọ̀tí. Ọmọ yín ló ní kí n má fọ̀ ọ́. Mo mọ̀ ọ́n fọ̀ o. Kí ẹ bèèrè mi ní Ọ̀yọ́."

Ọ̀gá mi fà á dìde. "Màmá, a ti mọ̀ pé ẹ mọ̀ ọ́n fọ̀. Fífọ̀ yín ló kó wa sí wàhálà." Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá mi na ọwọ́ sí i, ìyá mi nu tirẹ̀ mọ́ léèsì Iléyá, ó wò ó, ó wá na ọrùn ọwọ́.

A fi àga fún un. Mo tú ìfun náà, ó ti so ti màlúù kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí mo ṣe bẹ̀ ẹ́. Ó gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó má baà rí i, ìtìjú ń pa á. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi omi iyọ̀ tútù ṣan ìgbẹ́ inú rẹ̀ kúrò, ó dìde fùú.

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ìwọ náà kọ́ lò ń fọ̀ ọ́ un?"

"Omi tútù lásán ni, Màámi, mi ò fá a. Ẹ jókòó."

Mo wá fá awọ náà sínú àwo tó wà lórí yìnyín. Ó ń yọ̀ lábẹ́ ọwọ́ mi bó ṣe yẹ kó yọ̀. Òórùn ẹyin òbu bo gbogbo yàrá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó kù rọra ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi àti ìyá mi kò kúrò. Òórùn ìdílé wa ni. Mo lọ̀ ọ́, mo fi ẹ̀rọ fì í. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí da àwọn omi pọ̀, àwọn ọkùnrin méjì ti dé láti ẹ̀ka kejì pẹ̀lú páálí, wọ́n dúró sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń wo aago. Ìyá mi ló kí wọn káàbọ̀. Ó ní, "Ẹ wá àga jókòó, ẹ̀yin ọmọ mi. Ó fẹ́ pọ́n." Mi ò mọ ẹni tó sọ fún un pé ó fẹ́ pọ́n.

Mo kán omi irin sí ìgò kìíní.

Ó pọ́n. Ó pọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀, bíi sóbò tí wọn ò fi omi là. Mo kán an sí ìkejì, ó pọ́n. Ọ̀gá mi tó kì í gbóhùn sókè kígbe "Halelúyà," ìyá mi ní "Alihamudulilai," èmi ti ń kán an sí ìkẹta. Ẹ̀rọ náà ka gbogbo ìgò pátá kí àwọn ọkùnrin yẹn tó gbé e sínú páálí.

Ìyá mi gbé ìgò kan sókè sí ojú fèrèsé, bó ṣe máa ń gbé ìfun sókè sí oòrùn. Ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Ohun tí mo ti ń dà sí gọ́tà láti ìgbà tí mo ti bí ọ nìyí?"

Mo ní, "Òun ni, Màámi."

"Ó lẹ́wà," ló wí, ó sì gbé e padà sí àyè rẹ̀.

Mo gbé iṣẹ́ náà lọ ṣàlàyé níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kí sáà tó parí, wọ́n sì ní mo yege. Ìyá mi gbé ọ̀bẹ sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì, kò tilẹ̀ dúró kí ọ̀sẹ̀ pé. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó ní kí n pe ọ̀gá mi wá jẹun nílé wa ní Ọ̀yọ́, ọbẹ̀ ata onífun sì ni wọ́n máa jẹ. Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti ń fọ ìfun náà. Òun jókòó sórí àga, ó na ẹsẹ̀ síwájú, ó ń ṣe ọ̀gá.

"Fá a dáadáa. Ó ṣì ń yọ̀ níbẹ̀ yẹn."

Mo ní, "Màámi, ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ní kí n máa dà nù?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Dà á nù. Àlejò ló fẹ́ jẹ ẹ́."

Mo fá a, mo da gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ mi sí gọ́tà. Omi náà tutù gan-an, ìka mi ti ń hunjọ. Ibẹ̀ ni ọ̀gá mi bá wa. Ó kí ìyá mi, ó na ọwọ́ sí i. Ìyá mi kò wá ìró, kò sì wo ọwọ́ rẹ̀, ó kàn nà án jáde gbọọrọ. Wọ́n bọra wọn lọ́wọ́, ọ̀gá mi sì di ọwọ́ náà mú fún ìgbà díẹ̀, ó gbẹ, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Lẹ́yìn náà ló yíjú sí èmi. Mo nu ọwọ́ mi mọ́ aṣọ, mo wò ó, mo wá na ọrùn ọwọ́ sí i.